Ta Ló Kọ Ìwé Náà? Ìtàn Àjọ̀dún Orin láti Ẹnu Ọ̀nà

Ní ọdún tó kọjá, mo wà lára àwọn ọ̀dọ́ tó yọ̀ǹda ara wọn láti ṣe ọ́ṣà níbi àjọ̀dún orin kan ní ìgboro Ìbàdàn. Wọn kò san kọ́bọ̀ fún wa. Ohun tí a rí gbà ni jákẹ́ẹ̀tì pélébé aláwọ̀ ìyeyè, omi inú ọ̀rá mẹ́ta, ìrẹsì inú ike kan, àti àǹfààní láti wọlé láìsanwó. Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ yìí rí yóò mọ̀ pé àǹfààní ìkẹyìn yẹn kò tó bí àwọn ènìyàn ṣe rò. Ọ́ṣà kì í wo olórin. Èrò ló ń wò. Ẹ̀yìn ló kọ sí ìtàgé láti ìrọ̀lẹ́ títí di òru, etí nìkan ló sì fi ń jẹ ayẹyẹ náà.

Kí èrò tó dé, àwa ọ́ṣà jókòó sórí àwọn àga oníke tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tò tán, a ń jiyàn lórí ìwé ètò. Orúkọ olórin mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, wọ́n tò wọ́n láti orí ẹni tí yóò kọ́kọ́ ṣeré dé orí ẹni tí yóò kẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní bó bá jẹ́ òun ló to ìwé náà, ọmọkùnrin onítàkasúfèé tí wọ́n fi sí ìparí ni òun ìbá gbé sí àárín, kí fújì sì kẹ́yìn, nítorí pé bí fújì bá ti dún tán, kò sí ẹni tó tún fẹ́ gbọ́ nǹkan mìíràn. Ẹnì kejì ní ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀ jù ló yẹ kó kẹ́yìn, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Mo dá sí i, mo pariwo títí ohùn mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ há. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó mẹ́nu ba orúkọ tó wà lókè pátápátá: bàbá onísákárà kan, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Aago mẹ́rin kọjá, kò sí iná. Aago márùn-ún ààbọ̀ ni jẹnẹrétọ̀ tó dé. Nígbà tí bàbá náà àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ mẹ́rin fi máa gòkè, aago mẹ́fà ti kọjá, odindi wákàtí kan tí wọ́n kọ síwájú orúkọ rẹ̀ sì ti di ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àwọn tó wà ní ìjókòó kò ju ogójì lọ. Bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti pé, ọ̀kan nínú àwọn alákòóso nàka sí mi pé kí n lọ sọ fún bàbá pé àkókò ti tó. Mo lọ. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé, mo sọ ọ́. Bàbá ń ki ìdílé kan lọ́wọ́ ni. Ó dákẹ́ láàárín gbólóhùn, ó wò mí, ó ní, “Ọmọ mi, ṣé ìwọ lo kọ ìwé náà ni?” Mo ní rárá o, bàbá. Ó ní kò burú. Ó fi aṣọ di sákárà rẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀.

Ìbéèrè yẹn kò jẹ́ kí n sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. Òun ni mo sì gbé kiri nígbà tí olùkọ́ wa ní kí a kọ àròkọ lórí ìtàn.

Ọ̀dọ̀ bàbá àgbà mi ni mo kọ́kọ́ lọ. Òun ló bí ìyá mi, Ògùnpa ló ń gbé, kò jìnnà sí odò. Nígbà tí mo ròyìn tán, kò bá mi wí, kò sì rẹ̀ mí lẹ́kún. Ó kàn ní, “Àbẹ̀kẹ́, àwa ò ní ìwé rárá.”

Wéré ló ń sọ. Ní Ìbàdàn, ní Èkó àti ní àwọn ìlú Yorùbá mìíràn tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ a máa dìde lóru nínú oṣù Ràmàdáánì láti jí àwọn aláàwẹ̀, kí wọ́n lè jẹ sààrì kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìlù, agogo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ohùn ni wọ́n fi ń jí wọn. Orin tí wọ́n ń kọ ni wéré. Àwọn mìíràn a máa pè é ní ajísààrì. Wọn kò gba owó ìwọlé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí pé kò sí ẹnu ọ̀nà kankan tí ènìyàn yóò gbà wọlé. Orí ibùsùn ni àwọn òǹgbọ́ wà. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé àwọn olórin gan-an ló yọ̀ǹda ara wọn. Ní tiwa, àwa tí a ń to àga nìkan ni a ń ṣe ọ̀fẹ́.

Ọmọkùnrin mẹ́rìnlá ló wà nínú ẹgbẹ́ bàbá àgbà mi. Apá Bẹẹrẹ ni wọ́n ti ń gbéra, wọn a rìn dé Ọjà'ba, wọn a yí ká, wọn a sì padà sílé kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà. Agogo ni wọ́n fún un, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti wí, ọwọ́ rẹ̀ kò yá tó fún ìlù. Bí ààwẹ̀ bá ti parí, àwọn ẹgbẹ́ wéré a máa díje. Mo béèrè bí wọ́n ṣe ń mọ ẹgbẹ́ tí yóò kọ́kọ́ ṣeré. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ dé ni yóò kọ́kọ́ ṣeré, ìdí sì nìyẹn tí gbogbo ẹgbẹ́ fi máa ń pẹ́ dé. Wọn a máa sá pamọ́ sí ẹ̀yìn ilé, wọn a rán ọmọ kékeré kan lọ wò bóyá ẹgbẹ́ mìíràn ti yọjú. Àríyànjiyàn tí àwa ọ́ṣà ń jà lórí àga oníke kì í ṣe tuntun nígbà náà. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń jà á, àwa fi ẹnu jà á.

Inú wéré yìí ni fújì ti jáde. Síkírù Àyìndé Barrister, tí wọ́n bí ní Ìbàdàn ní 1948, ti ń ṣe wéré láti kékeré ní Èkó. Ó ṣe iṣẹ́ ológun nígbà ogun abẹ́lé, lẹ́yìn náà ó gbájú mọ́ orin, ó sì sọ tirẹ̀ ní fújì. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣàlàyé pé ara àwòrán òkè Fuji ti ilẹ̀ Jàpáànù, tí òun rí ní pápákọ̀ òfurufú, ni òun ti mú orúkọ náà. Ní Ìbàdàn níbí, Dáúdà Àkànmú Epo-Àkàrà mú wéré gba ọ̀nà mìíràn, ó pe tirẹ̀ ní awúrebe. Nígbà tí Barrister kú ní December 2010, orin tí wọ́n fi ń jí aláàwẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ti di orin tí àwọn olówó ń tìtorí rẹ̀ yí ọjọ́ ìnáwó padà, kí olórin lè ráyè wá.

Nǹkan kan ṣì rú mi lójú. Bí wéré kò bá ní ìwé, tí òde ìnáwó kò sì ní, ìgbà wo ni ìwé dé? Mo wá bàbá onísákárà náà lọ. Ó gbà mí ní ọjọ́ mẹ́ta kí n tó mọ ilé rẹ̀, lẹ́yìn Ọjà'ba. Bó ti rí mi, ó ní, “Ṣé àkókò ti tún tó ni?” Ojú tì mí. Ó ní kí n jókòó, ó sì ní kí wọ́n bu omi fún mi.

Ohun tó sọ fún mi ni mo kà sí ẹ̀kọ́ tó tóbi jù nínú gbogbo ìwádìí yìí. Ó ní nígbà tí Yusuf Ọlátúnjí ṣì ń lu sákárà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, olórin kan ṣoṣo ni ẹni tó ń ṣe òde ń pè, olórin náà yóò sì ṣeré mọ́jú. Kò sí ohun tó ń jẹ́ ìtòlẹ́sẹẹsẹ olórin. Ohun tó wà ni ìtòlẹ́sẹẹsẹ àlejò. Olórin ní láti mọ ẹni tó wọlé, ọmọ ta ni, ará ibo ni, ta ni bàbá rẹ̀ àgbà, ta ló kọ́kọ́ yẹ kí a kí. Bí wọ́n bá ki ènìyàn dáadáa, yóò dìde, yóò jó wá, yóò lẹ owó mọ́ olórin níwájú orí. Iṣẹ́ yẹn kò ṣeé kánjú ṣe. Ó ní, “Ìdílé kan ṣoṣo lè gba ìdajì wákàtí. Ibo ni mo fẹ́ kì í sí nínú ìṣẹ́jú mẹ́wàá?”

Nígbà náà ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo ti rò pé àṣìṣe mi ni pé mo dá àgbàlagbà lẹ́nu. Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orin tí wọ́n dá fún òru gbogbo ni a gbé sórí ìtàgé tó ń ka ìṣẹ́jú. Olórin tí orin rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ lè kọ méjì, kó rẹ́rìn-ín músẹ́, kó sọ̀kalẹ̀. Ẹni tó ń ki ìdílé kò ní tíì kúrò lórí baba ńlá.

Kì í ṣe pé àwọn baba wa kò mọ bí a ṣe ń ṣètò èrò o. Bí ẹ bá bi mí, atọ́kùn eégún ni ọ́ṣà àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ yìí. Òun ló ń ṣáájú, òun ló ń lé àwọn ọmọdé sẹ́yìn, òun ló mọ ilé tí eégún yóò yà sí. Ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ pé atọ́kùn kan sọ fún eégún pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá rẹ̀ ti pé.

Nígbà tí ìjọba wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àjọ̀dún orin ńláńlá, ìwé di dandan, nítorí pé olórin kan ṣoṣo kọ́ ni wọ́n ń pè mọ́. Ní Áfíríkà, Ààrẹ Senghor ti ilẹ̀ Senegal, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ akéwì, pe àwọn aláwọ̀ dúdú àgbáyé jọ sí Dakar ní April 1966. Duke Ellington wà lára àwọn tó wá láti Amẹ́ríkà. Nàìjíríà ni wọ́n fún ní ìkejì. Ogun abẹ́lé dí i lọ́wọ́, wọ́n sún ọjọ́ síwájú, wọ́n tún sún un, títí FESTAC fi bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 15 January 1977, tó sì parí ní 12 February. Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ni olórí ìjọba nígbà náà. Wọ́n kọ́ Gbọ̀ngán Tíátà ti Orílẹ̀-èdè sí Ìgànmú, wọ́n kọ́ odindi ìlú kan fún àwọn àlejò, èyí tí a ń pè ní Festac Town títí di òní. Nǹkan bí ènìyàn 17,000 láti orílẹ̀-èdè tó ju 50 lọ ló kópa. Àmì àjọ̀dún náà ni ère ojú Ìyá Ọba Idia ti Benin, tí wọ́n fi eyín erin gbẹ́. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló kó o lọ ní 1897, British Museum kò sì gbà láti yá wa lò. Ère tiwa gan-an kò sí lára àwọn tó wá sí àjọ̀dún wa.

Ìwé àwọn olórin FESTAC dùn ún kà. Stevie Wonder wá. Sun Ra wá pẹ̀lú àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ tó ń wọ aṣọ bí ará ojú sánmà. Gilberto Gil wá láti Brazil. Miriam Makeba, tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà South Africa kò jẹ́ kó padà sí ìlú rẹ̀, kọrin lórí ilẹ̀ Áfíríkà níwájú àwọn tó mọ ohun tó ń sọ. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ pé ìnákúnàá ni FESTAC, owó epo ló sì ń gùn wọ́n. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n ṣe ọ́ṣà níbẹ̀ láìjẹ ìrẹsì, n óò lọ.

Bàbá àgbà mi lọ. Ó wọ ọkọ̀ ní Ògùnpa ní ìdájí, ó dé ẹnu ọ̀nà Pápá Ìṣeré Orílẹ̀-èdè ní Sùúrùlérè ní ọjọ́ tí wọ́n ṣí i. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní inú ti kún. Ó dúró síta títí di ìrọ̀lẹ́. Ó ní òun gbọ́ FESTAC, òun kò rí i. Mo sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọ́ṣà, a jọ rẹ́rìn-ín.

Orúkọ kan kò sí lára àwọn tó ṣeré ní FESTAC, orúkọ náà sì tóbi: Fẹlá Aníkúlápó-Kútì. Wọ́n ti kọ́kọ́ fi í sínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò bí Nàìjíríà yóò ṣe kópa, ṣùgbọ́n òun àti wọn kò fẹnu kò lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ó bá yọ ara rẹ̀ kúrò. Ní gbogbo oṣù àjọ̀dún náà, Shrine tirẹ̀ ló ti ń ṣeré. Àwọn olórin tí ìjọba fi owó ńlá pè wá láti òkè òkun, bí Stevie Wonder àti Gilberto Gil, fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ bá a níbẹ̀. Mo máa ń rò ó wò pé ìwé kejì kan wà ní Èkó ní oṣù yẹn tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀, orúkọ kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, gbogbo àlejò ló sì mọ̀ ọ́n kà.

Ní 18 February 1977, ọjọ́ mẹ́fà péré lẹ́yìn tí FESTAC parí, àwọn sọ́jà ya wọ ilé Fẹlá tó ń pè ní Kalakuta, wọ́n lu àwọn ará ilé, wọ́n sì dáná sun ún. Wọ́n ju ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, láti ojú fèrèsé. Ìyá náà kú ní April 1978. N kò ní sọ pé nítorí FESTAC nìkan ni, nítorí pé orin Zombie tó fi bú sọ́jà ti jáde ṣáájú. Síbẹ̀, nígbà tí mo tò àwọn ọjọ́ náà sórí ìlà kan nínú ìwé mi, ọwọ́ mi wá sílẹ̀ díẹ̀.

Ìwé àjọ̀dún kì í fìgbà gbogbo ya ènìyàn nípa. Ní 6 March 1971, ní Accra, nígbà tí Ghana pé ọdún mẹ́rìnlá tó gba òmìnira, àwọn gbajúmọ̀ olórin Amẹ́ríkà kóra jọ sí Black Star Square fún ayẹyẹ tí wọ́n pè ní Soul to Soul: Wilson Pickett, Ike àti Tina Turner, Santana, Roberta Flack àti àwọn mìíràn. Les McCann tó ń tẹ dùùrù àti Eddie Harris tó ń fun sasofóònù pe ọmọ Ghana kan, Amoah Azangeo, tí igbá nìkan wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì jọ ṣeré. Fíìmù ọjọ́ náà wà. Ìtàgé gba gbogbo wọn, igbá náà sì gbọ́ ọ̀rọ̀ dùùrù.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ ọ́ṣà ọ̀fẹ́ ti di ohun ńlá. Àjọ̀dún Glastonbury bẹ̀rẹ̀ nínú oko àgbẹ̀ kan ní 1970. Pọ́n-ùn kan ni owó ìwọlé, wọ́n sì fún àwọn èrò ní mílíìkì lọ́fẹ̀ẹ́. Lónìí, ẹgbẹ́ aláàánú Oxfam ló ń kó ọ̀pọ̀ lára àwọn ọ́ṣà wá síbẹ̀. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní wákàtí tí a yàn fún wọn, wọ́n ń wo orin ní wákàtí tó kù, owó iṣẹ́ wọn sì ń lọ sí ọwọ́ ẹgbẹ́ náà fún ìrànwọ́. Mo jowú wákàtí tó kù yẹn. Ní 1984, ẹni tó ṣeré nínú oko yẹn ni Fẹlá, tí a kò rí ní FESTAC ní ìlú tirẹ̀.

Ní nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn tí mo bẹ̀rẹ̀ ìwádìí yìí, bàbá àgbà mi pè mí. Ó ní òun parọ́ fún mi díẹ̀: ìwé kan wà rí. Ọdún tí ẹgbẹ́ wọn gba ipò kẹta nínú ìdíje wéré, ayàwòrán kan yà wọ́n, ẹnì kan sì kọ orúkọ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá sí ẹ̀yìn àwòrán náà. Inú àpótí tó ń kó àwo orin rẹ̀ sí ló wà. Ní 31 August 1980, lẹ́yìn òjò tó rọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, odò Ògùnpa kún àkúnya, ó gbé ilé, ó gbé ọkọ̀, ó sì pa ju ènìyàn 200 lọ. Bàbá gbé ọmọ rẹ̀ méjì sá gòkè. Ìyá mi kò tíì dáyé nígbà náà. Nígbà tí omi fà, àpótí kò sí mọ́.

Mo mú ìwé ìkọ̀wé mi jáde, mo ní kó máa pè wọ́n, kí n máa kọ. Ẹni tó ń lé orin ló kọ́kọ́ dárúkọ, lẹ́yìn náà àwọn onílù, lẹ́yìn náà oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ méjì tí wọ́n jẹ́ ìbejì. Ó dárúkọ ara rẹ̀ sí ipò kẹsàn-án. Nígbà tó dé orí mọ́kànlá, ó dákẹ́. Ó di ojú, ó ń fi ìka lu orúnkún bí ẹni ń lu agogo, ó ń wá wọn lọ ní òpópónà Bẹẹrẹ. Mẹ́ta kò wá. Mo fẹ́ fa ìlà sí ìsàlẹ̀ kọkànlá. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n fi àyè sílẹ̀.